Èènì Ìyàwó Oní-fọ́tò

Bí ẹ bá dé Odòjọmu nílùú Oǹdó tí ẹ ń béèrè Jethro Akíntúndé, wọn yóò wò yín lójú, wọn yóò ní àwọn ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ẹ béèrè Bàbá Ẹ-Má-Mira. Ọmọ tó gbé omi lérí pàápàá yóò sọ ọ́ kalẹ̀ kó lè júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún ẹni tó bá jókòó síwájú kámẹ́rà ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́, láti ayé ìgbà tí ènìyàn ń wẹ̀, tí ń fi pọ́dà pa ojú, tí ń yá bàtà aládùúgbò nítorí fọ́tò ẹyọ kan.

Ojú Lọ̀rọ̀ Wà ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára pátákó, òjò sì ti fọ ọ̀dà náà títí tó fi rí bí ẹsẹ̀ ẹyẹlé. Bàbá náà níwà pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó lágídí. Fọ́tò tí kò bá dára lójú rẹ̀ kò ní jáde níbẹ̀, ì báà ṣe ọba ló yà. Ẹni tó bá dijú, ẹni tó bá mira, fífà ni yóò fa tirẹ̀ ya, yóò sì tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn aláwàdà àdúgbò a máa ní bí Jethro bá wà níbi tí Ọlọ́run ti ń dá ènìyàn ni, ọ̀pọ̀ nínú wa kì bá tí jáde sáyé.

Ọdún 2016 ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọdún tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń dé bí àlejò tí kò fẹ́ dé rárá. Ìrẹsì padà di oúnjẹ ọdún Kérésìmesì nìkan. Ta ni yóò wá ya fọ́tò nínú irú ìyẹn? Fóònù náà ti sọ gbogbo ayé di oní-fọ́tò: ẹni tí kò mọ okùn bàtà í dì ń ya ara rẹ̀ ní àyàtúnyà kó tó jẹun àárọ̀. Àwọn tó kù tí ń wá bá Jethro kò ju àwọn tó fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ìwé ìwáṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀hún kò sì sí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Jethro bí, Tiwaladé, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, tó sì ń gbé yàrá méjì lẹ́yìn ilé ẹnì kan ní Ijapo. Òun ló ti ń san owó ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan. Lọ́dún yìí, agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ní Sátidé kan lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ó wọ mọ́tò wá sí Oǹdó, ó sì ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò lẹ́nu láti Àkúrẹ́. Ó ní kí bàbá òun jọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù fún onílé bí ọdún bá ti parí, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, pé yàrá kan ti wà nílẹ̀ dè é. Ó fi sùúrù sọ ọ́, ó ń fọwọ́ pa etí tábìlì bó ti ń sọ ọ́.

Jethro ń nu dígí kámẹ́rà. Nígbà tó nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ tán, ó gbójú sókè sí orí pẹpẹ. Ó ní, “Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́?”

Àwọn páálí tó wà lórí pẹpẹ ló ń wí. Fọ́tò tí àwọn oníbàárà yà tí wọn kò wá gbà ló kún inú wọn. Nígbà tí ìlú kọ́kọ́ le, láyé Sáàpù, àwọn ènìyàn a máa wá lọ́jọ́ ọdún, wọn a san àbọ̀ owó, wọn a ní àwọn ń mú èyí tó kù bọ̀. Òmíràn ṣí lọ sílùú mìíràn, òmíràn kú, ojú sì ń ti òmíràn láti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Jethro kò da ẹyọ kan nù nínú wọn. Ó máa ń sọ pé ojú ènìyàn kì í ṣe bébà lásán.

Tiwaladé ní kí wọ́n kó wọn sun. Bàbá rẹ̀ gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó ní òun ò ní í sun ojú ẹnikẹ́ni níná, pàápàá ẹni tó ṣeé ṣe kó ṣì wà láyé. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ náà ju bó ti yẹ lọ, ohun tí kò fi dánra wò nínú mọ́tò sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, “Ojú gbogbo ayé lẹ tọ́jú, Bàbá. Ojú ìyá mi dà?”

Jethro tún gbé kámẹ́rà, ó tún ń nu dígí rẹ̀. Òótọ́ ni ọmọ sọ, òótọ́ sì korò.

Wúrà ni orúkọ ìyá náà, ìdajì iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ jòjòló tí kò tíì lè jókòó wá, Wúrà ni yóò lóṣòó sẹ́yìn àga, tí wọn yóò fi aṣọ dúdú bò ó, tí yóò na ọwọ́ gba abẹ́ aṣọ láti di ọmọ mú nídìí. Nínú fọ́tò, ọmọ nìkan lẹ ó rí, tó jókòó bí olóyè. Àfi bí ẹ bá wò ó dáadáa lẹ ó tó rí ìka obìnrin níbi ìbàdí rẹ̀. Wúrà yìí kan náà ló máa ń ní ẹni tó ra gààrí ń gba èènì, ẹni tó ra ẹ̀wà ń gba èènì, kí ló dé tí ẹni tó ya fọ́tò kò ní gbà? Fọ́tò tó bàjẹ́ ló fẹ́ máa fi ṣe èènì fún wọn, èyí tí ọmọ sunkún nínú rẹ̀, èyí tí ìyá dijú. Jethro kò gbà. Ó ní iṣẹ́ tó bàjẹ́ kò ní í gba ẹnu ọ̀nà òun jáde, kó máa fà wọ́n ya. Ìjà tí wọ́n máa ń jà nìyẹn, Wúrà a sì máa dáhùn pé òun ti gbọ́.

Ẹ ó wá béèrè pé kí ló dé tí oní-fọ́tò kò fi ya ìyàwó ara rẹ̀. Fíìmù wọ́n, ti oníbàárà ni. “A ó yà ọ́ tó bá dọ̀la,” ohun tó máa ń wí nìyẹn. Ọ̀la náà kò dé. Ibà ló mú Wúrà lọ nígbà tí Tiwaladé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀ rìn. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn, tí ọ̀gá Jethro yà, ló kù. Lọ́dún tí ìjì ká òrùlé ilé wọn, páálí àwọn oníbàárà wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọ̀rá bò wọ́n. Tirẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé. Omi wọ inú rẹ̀, ojú Wúrà sì bó kúrò lára bébà. Gèlè àti ọwọ́ kan ló ṣẹ́kù. Gèlè àti ọwọ́ kan yẹn ni Tiwaladé fi mọ ìyá rẹ̀ títí tó fi dàgbà.

Nígbà tó yá, Jethro ní kí wọ́n jọ ṣàdéhùn báyìí: òun yóò wá ẹni tó ni fọ́tò kọ̀ọ̀kan, òun yóò dá a padà fún un. Ọjọ́ tí páálí bá ṣófo, kí Tiwaladé wá gba kọ́kọ́rọ́. Tiwaladé gbà. Ó ní òun yóò tilẹ̀ bá a ṣe é kó lè yá. Ó fi fóònù ya àwọn fọ́tò náà díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé wọn sórí Fésíbúùkù àti Wásáàpù àwọn ọmọ Oǹdó tó wà ní Àkúrẹ́ àti ní ibòmíràn, ó ń béèrè pé, “Ta ló mọ ẹni yìí?” Ẹ jẹ́ kó yé yín o: ọmọ yìí kò wá bí ọjà bàbá rẹ̀ yóò ṣe tà. Sàréè ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń gbẹ́, ìfẹ́ ló sì fi ń gbẹ́ ẹ.

Bàbá náà kò fẹ́ kí ọmọ nìkan ṣe é. Ó ní àwọn tí kò ní fóònù ńkọ́? Ó mú lára àwọn fọ́tò, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri iwájú ṣọ́ọ̀bù. Páálí dúdú ló kù nílé, ó gé e, ó fi ṣe etí fún wọn kó lè wuyì. Ó wá kọ ọ́ gàdàgbà sókè wọn pé: Ẹ̀YIN ARÁ ÌLÚ, ẸNI YÌÍ DÀ? Ó padà sínú ilé, inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ní ìlú tí ìwé ìkéde òkú wà lára gbogbo géètì, ojú ènìyàn lára ògiri, etí dúdú yí i ká. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin tí ń lọ sọ́jà ti káwọ́ lérí. Ẹnì kan kúnlẹ̀ síwájú ògiri, ó ń pe oríkì ọkùnrin kan tó wà ní ilé tirẹ̀ ní Yaba, Oǹdó níbẹ̀, tó ń fọ eyín.

Ọkùnrin ọ̀hún ló wọlé bá Jethro lọ́sàn-án, ó ga, ó fi fìlà há abíyá. Fọlárìn ni wọ́n ń pè é, ó ti fi ìgbà kan wa ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó kòkó. Kò kí ènìyàn. Ó ní, “Jethro, èmi ni mo wà lára ògiri yẹn. Ìgbà wo ni mo kú?”

Ó wá ròyìn. Wọ́n ti tẹ àwọn àna rẹ̀ láago ní Ilé-Olújìí. Wọ́n kún inú mọ́tò wá, wọ́n sì bá òkú tí wọ́n wá sunkún níbi tó ti ń jẹ ẹ̀bà. Àbúrò ìyá ìyàwó rẹ̀ rí i, ó sá padà sí géètì. Ìyàwó ń dáná fún àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́ bó ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Jethro dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó já fọ́tò náà wá fún un. Fọlárìn fẹ́ máa bínú lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí fọ́tò: ọ̀dọ́kùnrin kan nìyí tó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu fífẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ kan lé àga, tó gbé rédíò ayálò sí èjìká. Ẹ̀rín gbé e, ó jókòó. Ó ní òun mà dára o. Ó ní kò burú, òun ti mọ ẹni tó sunkún òun àti ẹni tó béèrè oúnjẹ. Ó bọ́ sórí àga tó wà níwájú kámẹ́rà, ó gbé fọ́tò náà sí àyà.

Ó ní, “Yà mí báyìí, kí wọ́n rí i pé mo wà.”

Jethro yà á. Ó yọ gbogbo etí dúdú kúrò lára ògiri lọ́jọ́ náà, ó sì lẹ Fọlárìn àgbà mọ́ ẹ̀gbẹ́ Fọlárìn ọ̀dọ́. Àwọn ènìyàn ń dúró wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wọlé. Ẹni tó rí fọ́tò tirẹ̀ gbà, ó fẹ́ ya ti “mo wà.” Ẹni tí kò ní fọ́tò nínú páálí sáré lọ sílé, ó lọ mú èyí tó wà lára ògiri yàrá ìyá rẹ̀ wá.

Tiwaladé gbé ti Fọlárìn sórí Fésíbúùkù, ibẹ̀ sì gbóná bí ìpàdé ìdílé. Àwọn tó ń wí pé ọmọ Lódàsà ni ti inú fọ́tò kan ń bá àwọn tó ní ọmọ Òkè-Líṣà ni jiyàn, títí ẹni náà fúnra rẹ̀ fi dá wọn lẹ́jọ́ láti Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ènìyàn tí Jethro kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fún un nímọ̀ràn. Ẹnì kan ní kí àwọn ọmọ ìyá dúró gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dúró ní kékeré. Ẹnì kan ní bí bàbá bá ti kú, kí ọmọ gbé fọ́tò rẹ̀ dání, kó jókòó sórí àga kan náà. Obìnrin kan ní kó wá sí ìkórè ìjọ àwọn ní Ìlú-Àbọ̀, pé gbogbo ẹbí ló máa ń wálé lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíràn tún aṣọ tí wọ́n ń ta sẹ́yìn àga rán fún un, torí ó ní òun kò lè fara da èyí tí òun rí. Ní Sátidé, Tiwaladé a máa ka gbogbo rẹ̀ fún un, bàbá náà, tí kì í gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a sì tẹ́tí, a ní, “Bi ẹni tó sọ ti Ìlú-Àbọ̀ yẹn léèrè bí yàrá tó mọ́lẹ̀ bá wà níbẹ̀.” Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Báyìí ni ọjà ń tà, tí páálí ń ṣófo. Jethro kúkú rí i. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan tó ń mú oníbàárà wọlé náà ló ń mú ọjọ́ kọ́kọ́rọ́ súnmọ́ tòsí. Ṣé kò lè fi díẹ̀ pamọ́ ni? Ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n àdéhùn ni wọ́n ṣe, kò sì fi ẹyọ kan pamọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí yóò wà níbẹ̀ títí láé, ó sì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n tètè wá gba tiwọn kí ọdún tó parí. Tiwaladé gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Páálí àwọn ọmọ jòjòló ló kẹ́yìn, òun ló sì le jù. Ta ni yóò wo ọmọ ọwọ́ kó mọ ẹni tó dà? Nílé rẹ̀ ní Ijapo, bí Tiwaladé ti ń ya àwọn fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣàkíyèsí ìka tó wà níbi ìbàdí ọmọ. Ó wo òmíràn, ó tún bá a níbẹ̀. Ọwọ́ inú fọ́tò ìgbéyàwó ni, ọwọ́ tó mọ̀ láti kékeré. Ó fi ìka tirẹ̀ kan án lójú fóònù, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é. Ohun tó kọ lọ́jọ́ náà yàtọ̀: “Ọwọ́ tó di ọmọ yìí mú, ọwọ́ ìyá mi ni. Ta ló mọ ọmọ náà?”

Àwọn ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ jòjòló náà ń jẹ́ orúkọ, òmíràn ti ní irùngbọ̀n, títí tó fi ku ẹyọ kan. Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú Kérésìmesì, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ti Fésíbúùkù júwe ilé fún kan ilẹ̀kùn Tiwaladé. Ìjù, nítòsí Àkúrẹ́, ni ó ti wá, láti ṣọ́ọ̀ṣì ló sì gbà wá tààrà, Bíbélì rẹ̀ wà lábẹ́ apá. Ó ní Agnes Oríọlá ni òun, òun ni òun bí ọmọ tó wà nínú fọ́tò tí Tiwaladé gbé jáde lánàá, pé àwọn ń gbé Oǹdó nígbà náà. Ó ní òun wá gba ti ọmọ òun, òun sì mú nǹkan bọ̀. Ó ṣí Bíbélì ní àárín, ó fa fọ́tò kan yọ.

Ọmọ inú fọ́tò náà ń sunkún, ẹnu rẹ̀ là débi pé kò sí ojú mọ́. Aṣọ dúdú ti já bọ́. Obìnrin kan lóṣòó sẹ́yìn àga, gèlè rẹ̀ ti ṣí sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ mú, ó sì ń fi gbogbo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èjí wà láàárín eyín rẹ̀. Tiwaladé ti rí èjí yẹn rí. Ó ń rí i ní gbogbo àárọ̀ nínú dígí.

Ìyá àgbà náà ní, “Ìyá rẹ ló fún mi, ó ní èènì mi ni. Ó ní kí n tètè kó o sábẹ́ aṣọ kí ọkọ òun má rí i. Kò sí ulé tí mo kó lọ tí mi ò gbé e dání, ẹ̀rín rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn.”

Tiwaladé ṣáà mọ̀ pé òun gbé omi fún ìyá náà, àti pé ìyá náà ló wá ń fi ìborùn nu òun lójú.

Ó lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ kejì. Àwọn oníbàárà wà lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó tì wọ́n, ó dúró de ìgbà tirẹ̀. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn lọ, ó gbé fọ́tò náà ka orí tábìlì. Jethro ń wá awò ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ náà ló sì wà. Ó tẹ̀ síwájú. Ó pẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án.

Ó ní, “Mo ní kó fà á ya. Gbogbo wọn ni mo ní kó fà ya.” Ó gbé e súnmọ́ ojú. “Tiwa, èmi ló ń wò. Èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti ń bínú nídìí kámẹ́rà.”

Bàbá Ẹ-Má-Mira sunkún lójú ọmọ rẹ̀, kò fi pamọ́. Nígbà tó nu ojú tán, ó ti ọwọ́ bàpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e síwájú Tiwaladé. Ó ní páálí ti ṣófo, ọ̀rọ̀ tí àwọn jọ sọ ni.

Tiwaladé ti kọ́kọ́rọ́ náà padà. Ó ní, “Ẹ fi sápò, Bàbá. Ẹ ò tíì ya èmi.” Ó lọ jókòó sórí àga, ó gbé ìyá rẹ̀ sí àyà gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà ti ń ṣe.

Jethro lọ sídìí kámẹ́rà. Ó ní kó má mira. Ṣùgbọ́n omijé àti ẹ̀rín ti pàdé lójú ọmọ náà, ó mira, èjí rẹ̀ yọ síta, ibẹ̀ gan-an ni bàbá rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́. Ó dúró kí ara rẹ̀ balẹ̀, ó tún un yà, èyí sì dára.

Nígbà tí fọ́tò méjèèjì jáde, Tiwaladé béèrè pé èyí tó bàjẹ́ ńkọ́.

Ó ní, “Máa mú un lọ. Èènì ni.”